Ohun Tí Mo Lọ̀ Sínú Ògì Bàbá Rẹ

Pobẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àbíkẹ́yìn,

Ilé dáa, ara mi le, orúnkún tó ń dà mí láàmú ti fúyẹ́ díẹ̀. Mo tètè sọ ìyẹn nítorí mo mọ̀ pé bí o bá rí lẹ́tà mi dípò kí o gbóhùn mi lórí fóònù, àyà rẹ á já. Kò sí ẹni tó kú. Bí o bá wà lẹ́nu iṣẹ́, fi ìwé yìí sínú báàgì rẹ, kí o tó kà á kí o délé, kí o jẹun, kí o jókòó.

O mọ̀ pé èmi kì í ṣe oníwèé. Kíláàsì àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣe nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti kọ́ bí a ti ń kọ Yorùbá, Faransé tèmi kò sì kọjá ti ẹnu ọjà. Inú káyè ilé ìwé rẹ tí o fi sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ń kọ eléyìí sí. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ti ya ojú ewé mẹ́ta dànù. N bá pè ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Tí a bá wà lórí fóònù, bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ le, n óò bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ léèrè ohun tí o jẹ àti bóyá òjò ń rọ̀ ní Kùtọnu. Inú ìwé yìí ni n kò ti ní rí ibi sá sí.

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Mo ti kí ọ lójúkojú, mo tún ń kí ọ. Inú mi dùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pa ayọ̀ yẹn, ìwọ fúnra rẹ yóò rí i pé iṣẹ́ yẹn gan-an ló fà á.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí o wá sọ fún mi? À ń pọ́n àkàsà lẹ́yìn ilé, ìwọ ń na ewé, èmi ń bù ú sí i. Mo ní kí o ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi, kí n lè mọ ohun tí n óò máa sọ fáwọn aládùúgbò. O ní ẹ ó máa gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ẹ ó sì máa wá àwọn ońṣẹ́ kan nínú rẹ̀. Mo ní ońṣẹ́ bí ti báwo. O sọ ọ́ fún mi dáadáa, ó yé mi, mo fẹ́ kọ ọ́ síbí bó ṣe yé mi kí o lè rí i pé mo gbọ́.

O ní nígbà tí iṣan kan bá dí nínú orí, apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ nínú ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn hóró ara tó ń kú níbẹ̀ á tú nǹkan tíntìntín kan síta, tí ojú lásán ò lè rí. Ońṣẹ́ ni àwọn nǹkan náà. Wọ́n á lọ pe àwọn ọmọ ogun ara pé ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀, ẹ máa bọ̀. Wọ́n á tún ṣí ilẹ̀kùn tó wà lára iṣan ọpọlọ, èyí tó yẹ kó wà ní títì gbọin. Àwọn ọmọ ogun á ya wọlé, omi á bá wọn wọlé, ọpọlọ á wú, agbárí kò sì lè fẹ̀ sí i. Àwọn tó wọlé náà kì í yẹ ojú wò. Hóró tó ti kú àti èyí tó kàn dákú tó ṣì lè jí, wọ́n á da ìjà bo gbogbo wọn. O ní ìdí nìyẹn tí aláìsàn mìíràn fi máa ń burú sí i lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí ará ilé rò pé ewu ti lọ.

Mo wá béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ rẹ. Mo ní, "Ṣé kò sí hóró oògùn kan tó lè pa àwọn ońṣẹ́ náà lẹ́nu mọ́?" O rẹ́rìn-ín. O ní, "Màmá, gbogbo ayé ti ronú ẹ̀ kẹ́ẹ tó ronú ẹ̀. Èyí tó máa ń mú wíwú lọ kíá yẹn, gbogbo ońṣẹ́ ló ń pa lẹ́nu mọ́, tó fi mọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn míì sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé àtúnṣe ni wọ́n wá ṣe lẹ́yìn ìjà, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí kúrò. Rọpárọsẹ̀ fúnra ẹ̀ ti sọ ara di ahẹrẹpẹ. Ẹni tó bá tún fún aláìsàn ní irú oògùn yẹn, ikọ́ lásán ló máa gbé e lọ."

Mo gbé ìgbakọ sílẹ̀. Mo ní mò ń lọ wo iná. Kò sí iná tí mo lọ wò. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni mo lọ dúró sí, mo di ògiri mú. Nígbà tí mo padà, o ní ṣé èéfín ló kó sí mi lójú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àbẹ̀kẹ́, mo fún bàbá rẹ ní oògùn yẹn. Èmi ni. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo lọ̀ ọ́ láàárín ṣíbí méjì, mo pò ó mọ́ ògì rẹ̀, mo sì fún un mu lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Kò sí dókítà tó ní kí n ṣe é. Mo bo àṣírí rẹ̀ mọ́ gbogbo wọn lójú, mo sì bò ó mọ́ ìwọ náà lójú fún ọdún mẹ́sàn-án.

Mo ti kọ ọ́ wàyí. Mo dìde mu omi kí n tó máa bá a lọ.

O bá mi nídìí àtẹ oògùn ni, nítorí náà o kò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Ọmọge ni mí ní Sakété nígbà tí ìyá kan láti òdìkejì ẹnubodè, Mùsùlùmí, èèyàn dáadáa, mú mi mọ́ra. Òun ló ń kó hóró oògùn wá láti Nàìjíríà, èmi ń gbé e lórí nínú abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, mò ń kiri rẹ̀ láti Sakété dé Ìta-Ìjẹ̀bú. Pupa fún ẹ̀yìn, aláwọ̀ ewé fún inú, funfun kékeré fún wíwú. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ ò ráyè lọ dúró nílé ìwòsàn, èmi sì ń dé oko wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Dókítà. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Èmi tí n kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí, àgbàlagbà ọkùnrin á kúnlẹ̀ síwájú mi, á ká ṣòkòtò sókè, á ní kí n wo orúnkún òun.

Èyí ni ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́, kí n tó gbàgbé pé ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ kọ. Wọn á máa pè ọ́ ní dókítà lágbègbè wa níbí nísinsìnyí, nítorí aṣọ funfun tí ẹ ń wọ̀ níbi iṣẹ́ yín. O kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o wo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kí o sì sọ ohun tí o rí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ ní oògùn tí òun máa lò, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n, kódà bí o bá rò pé o mọ̀ ọ́n. Ojú á tì ọ́ díẹ̀. Jẹ́ kó tì ọ́.

Hóró funfun kékeré yẹn ló gba orúkọ fún mi jù. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ wú kó tó sùn, bó bá lò ó lẹ́ẹ̀mejì, yóò rìn lọ sóko. Àwọn ọmọbìnrin tó ń múra ìgbéyàwó náà máa ń rà á, torí ó ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún. Mo rí i tó ṣiṣẹ́ lójú mi láìmọye ìgbà, mo sì gbà pé kò sí wíwú tó lè dúró níwájú rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ. O mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ lọ sí Yoko láti bá àbúrò rẹ̀ mọ ògiri ilé. Bíríkìlà bíi tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ ilé àbúrò òun. Bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, irin tó fi ń dán ògiri bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó mú un, ó tún bọ́. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́. Àbúrò rẹ̀, Bàbá Yoko, ní oòrùn ló mú un. Ó tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ òrùlé, ó fi òrí pa á lára, ó ní kó sùn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà zẹ́mìjàn, wọ́n gba Sakété wá bá mi ní Pobẹ̀. Odindi ọjọ́ kan ṣòfò. Mo mọ̀ bó ṣe dùn ọ́ tó, kò sì yẹ kó má dùn ọ́. Ìwọ tí o mọ iṣẹ́ yìí, sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́: bí ẹnu bá wọ́, tí apá kan bá rọ, tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́, kí wọ́n má tẹ́ ẹní, kí wọ́n wá ọkọ̀.

Ibi tí ìwọ mọ̀ dé nìyẹn. Ilé ìwé lo wà nígbà náà, a kò tètè ránṣẹ́ pè ọ́ nítorí ìdánwò rẹ.

Lọ́jọ́ tí a dé ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ ṣì dáa díẹ̀. Ó mọ̀ mí. Ó fi ọwọ́ òsì fà mí láṣọ. Lọ́jọ́ kẹta ni oorun wá bò ó mọ́lẹ̀, a pè é pè é, kò dáhùn. Dókítà bá mi sọ Faransé, ìnfìmíyè kan, nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Yorùbá, ló ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ọpọlọ bàbá ń wú. Ó ní àwọn ń ṣe ohun tó yẹ, kí n ní sùúrù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Sùúrù kẹ̀. Èmi Ìyá Dókítà, tí mo ti mú wíwú gbogbo ayé lọlẹ̀, wọ́n ní kí n káwọ́ gbera kí n máa wo ọkọ mi tó ń wú. Mo bi ìnfìmíyè yẹn, mo ní hóró funfun kékeré kan wà, ṣé ẹ ò ní fún un níyẹn. Ó ní irú oògùn yẹn kì í ṣe fún irú àìsàn yìí. Mo ní kí ló dé. Ó ti rẹ̀ ẹ́, láti àárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta májèlé lójú títì náà lẹ tún ń bi wá?" Ẹ̀yìn ìyẹn, wọn ì bá fi ìbọn lé mi, n kò ní sọ òótọ́ fún un mọ́. Mo padà sílé, mo mú páálí kan látinú ẹrù mi; bí mo bá kán ògì sí i lẹ́nu, ó ṣì ń gbé e mì.

Ìmọ̀ràn kejì nìyí, òun ni mo sì fẹ́ kí o dì mú jù nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ. Àwọn tí ẹ ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, èèyàn bíi tèmi ló máa jókòó tì wọ́n. Ohun kan á wà lábẹ́ aṣọ ìyá yẹn. Ó lè jẹ́ àgbo, ó lè jẹ́ hóró oògùn. Bí ó bá jẹ́ irú tèmi ni, ẹ ó wo ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ẹ ó ní àwọn ońṣẹ́ rẹ̀ dákẹ́, ara rẹ̀ ń balẹ̀, irọ́ sì ni. Nítorí náà, bi wọ́n. Bi wọ́n kí o tó gún abẹ́rẹ́. Má bi wọ́n bí àwọn dúwáànì aṣọ́bodè ṣe ń béèrè ẹrù lójú ọ̀nà. Jókòó tì wọ́n, bi wọ́n nípa ilé, kí o wá sọ pé, "Màmá, mo mọ̀ pé ẹ ò lè máa wò wọ́n níran. Kí lẹ ti fún wọn?" Ká ní ẹnì kan bi mí báyẹn lọ́jọ́ náà, bóyá n bá ti fà á yọ fún un.

N kò sọ èyí láti di ẹ̀bi lé ìnfìmíyè yẹn lórí o. Òótọ́ ló sọ. Èmi ni kò gbọ́.

Ohun tó ṣe mí ní jàǹbá jù ni pé ara bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Lọ́jọ́ kẹta tí mo ti ń lọ̀ ọ́, ó lajú. Lẹ́yìn ìyẹn ó fún mi lọ́wọ́. Ó sọ "omi". Lọ́jọ́ kan tí mo ń nu ojú rẹ̀, ó pe orúkọ rẹ, Àbẹ̀kẹ́, kò já gaara, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ ni. Mo bú sẹ́kún, gbogbo yàrá ń bá mi yọ̀. Dókítà ti sọ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ń wò ó, mò ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Mo ní ẹ ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èmi ni mo ń wo ọkọ mi sàn. Nítorí náà mo fi kún un. Hóró kan di méjì.

Bí nǹkan kan bá ń lọ dáadáa lábẹ́ ọwọ́ rẹ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ọmọ mi, má tètè gbà pé ìwọ lo ṣe é. Ìyẹn ló mú mi fi kún un. Bó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ ò dá ni, mo lè ti jáwọ́.

Lọ́jọ́ tó ṣíwájú èyí tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, Bàbá Yoko gbé iṣu àti òróńbó wá láti oko. Ó wọlé wẹ́rẹ́, ó bá mi nídìí ṣíbí. Ó ní, "Ìyàwó wa, kí nìyẹn?" Mo ní oògùn tí dókítà ní kí n máa lọ̀ fún un ni. Ó ní háà, ẹ ṣeun. Ó gbé iṣu kalẹ̀, ó jáde.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ara bàbá rẹ gbóná. Ikọ́ náà kò ju ikọ́ ọmọdé lọ níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ lórí abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ kò bá wọn ṣe é. Ẹ̀rù bà mí, mo dá hóró funfun náà dúró lójijì. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi kú, ìwọ sì dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà pẹ̀lú báàgì ilé ìwé rẹ lẹ́yìn.

O rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìsìnkú. Èmi náà rántí. O dìde láàárín gbogbo ẹbí, o na ìka sí Bàbá Yoko, o ní, "Ẹ̀yin lẹ pa bàbá mi. Ẹ tẹ́ ẹní fún un, ẹ jẹ́ kó kú." Bàbá Yoko kò wo ìwọ. Èmi ló wò. Mo dorí kodò, mò ń ka ìlà orí ẹní. Ó ní, "Ó tó, ọmọ mi. Mo gbọ́." Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Láti ọjọ́ náà, o kò kí i mọ́. Nígbà ìgbéyàwó rẹ, òun ló yẹ kó jókòó sípò bàbá rẹ, o ní ẹ̀gbọ́n tèmi ni o fẹ́. Ó wá síbẹ̀síbẹ̀. Ó jókòó síta lọ́dọ̀ àwọn awakọ̀, wọ́n gbé oúnjẹ lọ fún un níbẹ̀, ó jẹ ẹ́. Mo rí i láti ojú fèrèsé. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn fún mi pé ẹnì kan wà tí o kórìíra, tí kì í ṣe èmi. Mo ti kọ èyí tó burú jù nínú ìwé yìí báyìí.

N kò tún jáwọ́ nínú oògùn títà lójú ẹsẹ̀ o. O máa ń sọ fáwọn èèyàn pé ikú bàbá rẹ ló mú ìyá rẹ fi àtẹ sílẹ̀. Ọdún méjì sí i ni mo fi tà á lẹ́yìn tí a sin ín. Hóró funfun yẹn nìkan ni mo ń ṣọ́ra fún, n kì í tà á fún ẹni tó ń wúkọ́, ìyẹn sì fi hàn pé nǹkan kan ti ń kọ mí lóminú látìgbà yẹn. N kò fẹ́ mọ̀ ọ́n ni. Ìwọ lo wá fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún mi nídìí àkàsà, láìmọ ẹni tí ò ń bá wí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo lọ sí Yoko. Mo bá Bàbá Yoko níwájú ilé tí ògiri rẹ̀ kan ṣì rí játijàti, torí kò gbà kí bíríkìlà mìíràn parí rẹ̀. Ó ń so ẹ̀rúkọ́. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní nǹkan wà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. N kò tíì dé ìdajì tó fi ní, "Mo mọ̀."

Mo ní, "Ẹ mọ kí ni?"

"Mo mọ̀ nípa oògùn yẹn. Lọ́jọ́ tí mo bá ọ lẹ́nu ẹ̀, bí mo ṣe ń jáde, mo bi ìnfìmíyè bóyá ó yẹ kí n máa ra irú ẹ̀ wá. Ó ní àwọn ò fún un ní oògùn lílọ̀ kankan."

"Kí ló dé tẹ́ ò bá mi wí nígbà náà?"

Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Èmi tí mo ti tẹ́ ẹní fún un, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá ọ wí? Mo rò pé ìwọ lo mọ̀ jù. Ìyá Dókítà ni gbogbo wa ń pè ọ́. Ìgbà tó wá kú tán, tí ọmọ yẹn ń sọ̀rọ̀, mo wò ọ́. Mo rí i pé tí mo bá sọ ọ́, kò ní ní bàbá, kò ní ní ìyá. Mo ní kó máa bínú sí èmi. Oko ni mo wà, mi ò kì í sábà rí i."

Mo sunkún débi tí ìyàwó rẹ̀ fi sáré jáde. Mo ní mo fẹ́ kọ̀wé sí ọ. Ó ní kí n má kọ ọ́ nítorí òun, òun ti dàgbà jù fún pé kí wọ́n máa bẹ òun. Ó ní, "Tó bá jẹ́ nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe ni, kọ ọ́. Ó yẹ kó mọ̀."

Mo ń kọ ọ́ nítorí iṣẹ́ rẹ, mo sì ń kọ ọ́ nítorí rẹ̀, bó tilẹ̀ kọ̀. Àbẹ̀kẹ́, ìwọ fúnra rẹ sọ fún gbogbo èèyàn pé nítorí bàbá rẹ lo ṣe lọ kọ́ iṣẹ́ yìí. O sọ pé bí wọ́n bá tètè gbé e wá ni, kò ní kú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan tó ṣòfò yẹn ló jẹ́ kí ìjà tó wọ orí rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀, n kò lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ń jáde kúrò nínú rẹ̀. Ó ti pe orúkọ rẹ. Ohun tó gbé e lọ lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ló ti wá, àwọn èèyàn sì wà tí wọ́n kú sọ́wọ́ irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ láìsí hóró funfun kankan. N kò mọ èyí tó jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì nìyí tí mo ti ń yí i po lọ́kàn mi.

Bóyá o ó ní kí ni mo wá fẹ́ kí o ṣe. Nǹkan méjì ni.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ lo ní o ó wá kó ẹrù rẹ tó kù. Bí o bá ti dé Sakété, má tíì wá sí Pobẹ̀. Gba ọ̀nà Yoko, ilé Bàbá Yoko ni kí o kọ́kọ́ yà. Kúnlẹ̀ kí i. O kò ní láti sọ ohun tó pọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá ní kí o jẹun, jẹun. Tí o bá jáde níbẹ̀, tí o rí i pé o kò lè rí ojú mi, máa padà sí Kùtọnu. Ẹrù rẹ á wà níbi tó wà, n kò ní pè ọ́ kiri, n kò sì ní rán ẹnikẹ́ni sí ọ.

Ṣùgbọ́n bí o bá wá, ìbéèrè kan ni n óò bi ọ́. O mọ iye hóró tí mo fún un báyìí, o mọ iye ọjọ́, o mọ ìgbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ fún yín níbi iṣẹ́. N óò bi ọ́ bóyá èmi ni mo pa á. Dá mi lóhùn bí o ṣe máa dá ìyá tí o kò mọ̀ rí lóhùn, kí o má sì dín in kù nítorí pé èmi ni mo bí ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, ní Pobẹ̀.